Igbe Tó Wà Nínú Gìgísẹ̀ Àwẹ̀ró

Ẹ fà mọ́ra, ẹ sún sábẹ́ àtíbàbà dáadáa, nítorí òjò yìí kò ní í dá bọ̀rọ̀, ilẹ̀ oko sì ti di ẹrẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń rùn kó nà án síta. Láti àárọ̀ ni mo ti ń rí yín tí ẹ ń fojú bá ara yín sọ̀rọ̀ nígbàkigbà tí ìyàwó mi bá pariwo lẹ́yìnkùlé. Ewúrẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́, ó ké. Igi ìdáná kò jó, ó ké. Òjò bẹ̀rẹ̀, ó ké bí ẹni pé òun nìkan ni òjò ń pa. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú yín, n kò ní í dárúkọ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n fìlà pupa ló dé, wá là á mọ́lẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ̀yin odidi ọdẹ tí ẹranko kì í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín, báwo lẹ ṣe ń bá ariwo yìí gbé? Ṣé ẹ ò lè ní kí wọ́n dákẹ́ ni?"

Èmi Ọdẹ́jìnmí nìyí. Mo ti fi ọta kan ṣoṣo pa ẹfọ̀n rí. Ìyàwó mi ní ẹfọ̀n náà ti ń ṣàìsàn kí n tó bá a; ẹ má dá a lóhùn. Kò sí ohun tí n kò lè sọ lójú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu mi kò gbọdọ̀ sọ sí obìnrin náà títí tí n ó fi kú, ọ̀rọ̀ náà sì ni "dákẹ́". Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ di èèwọ̀ fún mi lọ́jọ́ tí mo wá tọrọ rẹ̀. Ọdẹ́rìndé lorúkọ bàbá náà, òun ló kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni mo fẹ́ sọ fún yín, bó ṣe sọ ọ́ fún mi gan-an ni, n kò sì ní í bu iyọ̀ sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọdẹ́rìndé kò bí ọmọkùnrin. Àwẹ̀ró nìkan ni Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ, nígbà tí ọmọbìnrin náà sì pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ti ń gbé àpò tẹ̀lé e wọ igbó. Ẹ mọ̀ pé bí a bá ń tọpa ẹran, ajá pàápàá kì í gbó. Ewé kan wà tí àwa ọdẹ fi ń ra ajá lẹ́nu, tí yóò sì máa bá ẹni rìn bí òjìji láìgbin. Ọdẹ́rìndé kò fi ewé ra ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ló fi ṣe é. Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró rí ejò, ó figbe ta, àgbọ̀nrín tí bàbá rẹ̀ ti ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti òwúrọ̀ sì fò lọ. Ọdẹ́rìndé di ọmọ náà léjìká mú.

"Gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Ọmọ ọdẹ kì í ké. Bó bá dùn ọ́, gbé e mì. Bó bá bà ọ́ lẹ́rù, gbé e mì."

Ọmọ náà mi orí pé òun ti gbọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ igbe rẹ̀ mọ́. Gbogbo abúlé ń yìn ín pé ọmọ tó gbọ́n ni, bàbá rẹ̀ sì ń fi í yangàn láwùjọ àwọn ọdẹ.

Ó di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó wá fi gìgísẹ̀ tẹ èèkàn pańpẹ́ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ọgbà iṣu. Ṣóńṣó èèkàn náà wọlé, ó sì kán sínú. Àwẹ̀ró bu iyẹ̀pẹ̀ dí ojú egbò náà, ó gbé e mì. Lọ́jọ́ kejì, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, ó ní eré lòun ń ṣe. Lọ́jọ́ kẹta, ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ó ti wú, ó pupa, ó ń dán, ó sì gbóná débi pé ọwọ́ kò ṣeé gbé lé e.

"Kí ló dé tí o kò sọ?" Ọdẹ́rìndé bi í.

"Ẹ ní ọmọ ọdẹ kì í ké," ni ọmọ náà fi dá a lóhùn, ó sì tún di eyín mọ́ra.

Ọ̀rọ̀ náà wọ bàbá rẹ̀ lára. Ó gbé ìbọn, ó gbé àpò ọdẹ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ki àdá àti fèrè ìwo ẹ̀tu rẹ̀ bọ ìgbànú, ó sì wọ igbó lọ láti wá ewé. N kò ní í sọ ohun tó rí lọ́nà fún yín, ẹ̀yin tí ẹ̀rù ológbò ń bà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó rìn títí ó fi dé ibi tí igi kò ti ní òjìji, níbi tí ẹyẹ ti ń la ẹnu tí ohùn kì í jáde, ó sì bá obìnrin kan tó jókòó sínú odò kékeré. Iwin ni. Obìnrin náà kò ní ẹnu. Ṣùgbọ́n etí kún ara rẹ̀ bí olú ṣe ń kún ara igi tó ti jẹrà. Etí wà léjìká, etí wà lórúnkún, gbogbo wọn sì yí sọ́dọ̀ Ọdẹ́rìndé lẹ́ẹ̀kan náà. Omi odò náà ló ń bá a sọ̀rọ̀.

"Ọdẹ́rìndé, ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń gbọ́ igbe ọmọ rẹ."

"Ìyá, ọmọ mi kò ké."

"Ohun tó gbé mì ni mo ń gbọ́."

Orí ọdẹ náà wú. Ó di ìbọn rẹ̀ mú gírígírí.

"Ewé tí ò ń wá kò sí nínú igbó yìí," ni omi náà wí. "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ìlú kan ń bẹ lábẹ́ awọ gìgísẹ̀ ọmọ rẹ, ogun sì ti wọ̀ ọ́. Kí oòrùn tó wọ̀ lónìí, yálà ìlú náà borí, tàbí ọmọ rẹ kú. Wọ́n ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n inú gìgísẹ̀ ni ìwọ yóò gbé orí rẹ lọ lónìí. Ṣé wàá lọ?"

"Màá lọ."

"Fi ìbọn sílẹ̀. Ẹni tó bá yìnbọn níbẹ̀, ara ọmọ rẹ̀ ló yìn ín sí. Àlọ́ kan rèé, kí o máa gbé e lọ: kí ló ń fọ́ kí ilé má baà wó?"

Ọdẹ́rìndé rò ó. Ó ní ìkòkò ni. Gbogbo etí náà mì tìtì, bí ẹni ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹyin ni. Wọ́n tún mì.

"Bí o bá mọ̀ ọ́n, wàá jáde," ni omi náà wí. "Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ìwọ àti ọmọ rẹ yóò jọ sùn síbẹ̀." Obìnrin náà bu omi wọ́n ọn lójú. Bí Ọdẹ́rìndé ṣe ń nu ojú, bẹ́ẹ̀ ni ayé ń tóbi, títí ewéko fi di ìrókò, títí eruku fi di òkúta. Nígbà tó gbé orí sókè, ó wà lẹ́sẹ̀ odi ìlú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ dúró kí n sọ irú odi tí ó jẹ́. Kì í ṣe amọ̀, kì í ṣe òkúta. Òkú ni wọ́n fi mọ ọ́n. Òkú gbígbẹ, òkú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n to ara wọn lé ara wọn, wọ́n fi apá kọ́ ara wọn lọ́rùn, ojú wọn sì là sílẹ̀. Ọdẹ́rìndé wo àwọn ojú náà, ẹ̀rù sì bà á dé egungun: apá òsì ojú kọ̀ọ̀kan jọ tirẹ̀, apá ọ̀tún jọ ti ìyá Àwẹ̀ró. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkú, gbogbo wọn ló gbé ojú òun àti aya rẹ̀ dání.

"Má bẹ̀rù," ni ọ̀kan nínú wọn sọ láì mi ètè. "A kú tán ni a tó di odi. Ibi tí èèkàn gbà wọlé ni kí ìwọ náà gbà."

Ó gba ibẹ̀ wọlé. Nínú ìlú náà, ohun àkọ́kọ́ tó gbọ́ ni ìró kan láti òkè réré, bí ẹni ń gúnyán láìsinmi: gbì-gbì, gbì-gbì. Ohun àkọ́kọ́ tó rí ni èèkàn rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ láàárín ìlú bí igi àràbà tó wó, àmì ọ̀bẹ mẹ́ta tó máa ń fi sára èèkàn kí ẹnikẹ́ni má baà jí i sì hàn kedere. Inú àmì mẹ́ta náà ni àwọn ọ̀tá kọ́lé sí. Wọn kò ní ojú, wọn kò ní ẹsẹ̀, wọ́n ṣù pọ̀ bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, ẹnikẹ́ni kò sì bí wọn: ọ̀kan á kàn pín ara rẹ̀ sí méjì, méjì á di mẹ́rin. Àwọn ará ìlú ń pè wọ́n ní Apínra.

Ọkùnrin kan tó sanra, tó jókòó lẹ́nu ilé rẹ̀, gbé ọwọ́ sí i. Òun náà gbé ojú kan náà wọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. N kò mọ̀ yín, ṣùgbọ́n ara mi mọ̀ yín. Atọ́wò ni mí, oníbodè."

"Ṣé o mọ Àwẹ̀ró?" Ọdẹ́rìndé bi í kíákíá.

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ọmọ mi ni. Inú rẹ̀ lẹ wà yìí."

Atọ́wò ronú sí i, ó mi orí. "A kò rí i rí. Ìró odó tó wà lókè yẹn la fi ń mọ̀ pé ayé ṣì wà." Ó na ọwọ́ gígùn kan, ó fa ìràwé kan tó ń fẹ́ kọjá, ó tọ́ ọ wò lẹ́nu, ó tu ú dànù. "Iṣẹ́ wa nìyí. Ohun gbogbo tó bá wọlé, àwa oníbodè á tọ́ ọ wò. Nígbà tí mo tọ́ ẹ̀wù àwọn Apínra wò níjẹta, mo mọ̀ pé wọn kì í ṣe ará ilé. Mo wọlé, mo di igbe kan bí ẹrù, mo gbé e sí ìgbèrí."

"O di igbe bí ẹrù?"

"Mo fi ewé dì í bí ẹ̀kọ. Igbe tí a kò dì á pa onílé láìnídìí. Ọ̀bẹ tí yóò tú u wà nínú àkọ̀, kì í jáde lásán. Ọjọ́ tí iyọ̀ inú ilé bá ń jò dànù ló máa ń jáde."

Kí Ọdẹ́rìndé tó bi í léèrè ohun tí wọ́n ń fi igbe ṣe, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ní ilé kejì. Àwọn Apínra tu májèlé sílẹ̀. Ẹyọ májèlé méje fò mọ́ ògiri oníbodè tó wà níbẹ̀, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n di òrùka, inú òrùka náà sì di ihò. Iyọ̀ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dà jáde. Ni àwọn ará inú ilé náà, tí kálukú ti jókòó sí igun tirẹ̀, bá dìde, àwọn náà di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n pa agbo. Ọ̀bẹ jáde láàárín agbo. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí gbẹ́ ẹ: ó gé ewé ara igbe, ó gé ògiri ilé pẹ̀lú. Oníbodè náà wú, ó bẹ́, igbe rẹ̀ sì gba ara rẹ̀ tó fọ́ jáde lọ.

Ha! Igbe yẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Etí odò pupa tó wà lẹ́bàá ìlú gbọ́ ọ, ó là, omi gbígbóná ya wọlé. Ilẹ̀ wú. Ògiri pupa. Ìró odó òkè ń sáré. Igbe náà gun orí òkè lọ, dé ọ̀dọ̀ ọba kan tó ń gbé níbẹ̀, ọba náà sì ní kí wọ́n dáná sí gbogbo ìlú. Láàárín ooru náà ni Ọdẹ́rìndé gbọ́ ohùn mìíràn, ohùn tí kò gbọ́ láti ọdún mẹ́ta, tó ń bọ̀ láti ìta gbogbo ìlú náà: ọmọ rẹ̀ ń ké. Àwẹ̀ró ń ké lórí ẹní.

Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ dá mi lóhùn: kí lẹ̀ bá ṣe? Bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Ọkùnrin náà gbọ́, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn Apínra kò pariwo. Àwọn Apínra kò dáná. Oníbodè ló ké tí ilẹ̀ fi wú, tí ọmọ fi ń jẹ̀rora.

"Ẹ̀yin lẹ ń dá ọmọ mi lóró!" ló wí. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ọdẹ, ó mú ewé ajá jáde, ó sì ń sáré láti ẹnu ilé dé ẹnu ilé, ó ń fi í ra àwọn oníbodè lẹ́nu. Wọn kò bá a jà. Ara wọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n kàn ń wò ó bí ọmọ ṣe ń wo bàbá tó ń lù ú láìṣẹ̀. Atọ́wò ló kù.

"Bàbá, ẹ má ṣe é," ni Atọ́wò bẹ̀ ẹ́. "Bí a kò bá ké, ta ni yóò mọ̀?"

"Gbé e mì," ni Ọdẹ́rìndé wí. "Ọmọ ọdẹ kì í ké." Ó fi ewé rà á lẹ́nu.

Ìlú náà dákẹ́. Ilẹ̀ ń tutù. Iná òkè kú. Ohùn Àwẹ̀ró rọlẹ̀, ó di ìmí ẹ̀dùn, ó dákẹ́. Ọdẹ́rìndé jókòó, ó nu òógùn, ó ní, "Ọmọ mi ti sùn." Inú rẹ̀ dùn. Ó wá rò ó pé òun yóò fi àdá pa àwọn ọ̀tá náà bí ọdẹ, ní ìdákẹ́jẹ́. Ó bẹ́ ọ̀kan, méjì dìde. Ó bẹ́ ogún, ogójì dìde. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ìgbà tí apá rẹ̀ rọ ló tó wo ẹ̀yìn.

Gbogbo ilé ló ti ní ihò. Májèlé ti di òrùka sí ara gbogbo ògiri, iyọ̀ ń ṣàn lójú pópó bí omi òjò, àwọn ará ìlú sì dúró sí ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n ń rọ. Kì í ṣe àwọn oníbodè nìkan. Àwọn tó ń hun awọ, àwọn tó ń fa okùn iṣan, ìyá àti ọmọ, gbogbo wọn ló gbé ojú rẹ̀ wọ̀, wọ́n sì ń kú láìgbin. Ó rí ara rẹ̀ tó ń kú ní àgbègbè kan, ó yí ojú, ó tún rí ara rẹ̀. Wọ́n la ẹnu, ohun kan kò jáde. Odò pupa ń ṣàn kọjá, ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ lọ. Àwọn ọmọ ogun wà nínú rẹ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń kọjá lọ, nítorí ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fúnni. Ìró odó òkè wá ń fà: gbì... gbì...

Ìgbà yẹn ni Ọdẹ́rìndé ju àdá sílẹ̀. Ó ti mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yìí. Ọdún mẹ́ta ló fi wà nínú ilé rẹ̀, tó ń bá a jẹun nínú àwo kan náà, tí òun sì ń pè é ní ọgbọ́n. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ó sáré lọ sọ́dọ̀ Atọ́wò, ó wó lulẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu ewé náà kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ọmọ mi, dárí jì mí. Ké."

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó pè é. Atọ́wò náà gbọ́ ọ. Ìdajì ojú rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ìdajì tó jọ ti ìyá Àwẹ̀ró.

"Ẹ sún sẹ́yìn, bàbá. Iyọ̀ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

"Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn? Ṣé o kò lè ké kí o má kú?"

"Àwọn mìíràn a máa rí i ṣe, bí ihò kò bá pọ̀. Tèmi ti pọ̀." Ó gbé ọwọ́ lé Ọdẹ́rìndé lórí, bí ẹni pé òun ni bàbá. "Ẹ má sunkún. Ohun tí wọ́n fi mí síbí fún nìyí."

Agbo pa nínú rẹ̀. Ọ̀bẹ jáde. Ọdẹ́rìndé rí i tí ó ń wú, ó rí i tí ojú náà, ojú òun àti aya rẹ̀, ń fẹ̀, ó ń tàn, kò sì gbé ojú kúrò. Ó wá mọ ìdáhùn àlọ́. Ó pariwo rẹ̀ pé, "Oníbodè ni! Oníbodè ló ń fọ́ kí ilé má baà wó!" Atọ́wò sì bẹ́.

Igbe ẹnì kan kò tó láti jí odò náà; ó ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń pe ara yín lọ́dẹ: kí ni òfin fèrè? Bí ọdẹ bá kó sínú ewu, tó fọn fèrè, kí ni ẹni tó bá gbọ́ gbọ́dọ̀ ṣe? Hẹn-ẹn. Yóò fọn tirẹ̀, kí ẹni tó wà níwájú lè gbọ́, yóò sì sáré lọ sí ibi tí ìró náà ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹran wà lójú ìbọn rẹ̀. Ọdẹ́rìndé fi fèrè ìwo ẹ̀tu sẹ́nu, ó gba igbe Atọ́wò, ó sì fọn ọ́n. Ó ń fọn, ó ń sáré. Ó ń nu ewé kúrò lẹ́nu oníbodè kọ̀ọ̀kan, bí ó sì ti nù ún tán ni ẹni náà ń bẹ́ lójú rẹ̀. Ó sọ fún mi pé mọ́kàndínlógójì ni. Ó ní òun ka gbogbo wọn, òun sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìkọ̀ọ̀kan kí òun tó nu ẹnu rẹ̀.

Odò gbọ́. Etí rẹ̀ là. Àwọn ọmọ ogun tó ń kọjá lọ kọsẹ̀, wọ́n yí lẹ́bàá odò, wọ́n rá pálá gba àárín àlàfo wọlé. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, àná ni wọ́n bí wọn, kò sì sí èyí tí yóò rí ọ̀tunla. "Bàbá, ẹ yà fún wa," ni wọ́n ń wí. Wọ́n ń gbé Apínra mì. Èyí tí ikùn rẹ̀ bá kún, tí agbára rẹ̀ sì pin, á fa ìfun ara rẹ̀ jáde, á tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí àwọ̀n, á sì kú sórí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀tá tó mú. Ọdẹ́rìndé ti fi okùn dẹ pańpẹ́ fún ogún ọdún, kò rí ẹni tó fi ìfun ara rẹ̀ dẹ pańpẹ́ rí. Ó bo ojú rẹ̀, ó sì ń fọn fèrè lọ. Iná ọba òkè tún ràn. Òkú ọ̀tá àti òkú ará ilé pò pọ̀, wọ́n di àgbàrá funfun kan, àgbàrá náà gbé èèkàn, ó gbé Ọdẹ́rìndé, ó sì gba ojú odi jáde pẹ̀lú wọn.

Ó jí lẹ́bàá odò kékeré náà. Ìbọn rẹ̀ wà nílẹ̀, obìnrin elétí kò sí níbẹ̀, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí sápá ìwọ̀. Ó dìde, ó sáré. Kò tíì dé ẹ̀bá abúlé tó fi gbọ́ ọ: Àwẹ̀ró ń ké, igbe tó ń ya ọ̀run. Nígbà tó wọlé, ìyá ọmọ náà ti fi aṣọ bò ó lẹ́nu.

"Dákẹ́, dákẹ́, bàbá rẹ ti dé," ni obìnrin náà ń wí. "Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ má bínú sí i. Ó ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀, ó tutù, mo rò pé ó ti bọ́ nínú àìsàn náà. Àfi bí ara rẹ̀ ṣe tún gbóná, tó wá ń ké."

Ọdẹ́rìndé mú aṣọ náà kúrò. "Ké, ọmọ mi," ó ní. "Ké kó o kó gbogbo abúlé jọ." Ó fi fèrè sẹ́nu, ó sì fọn ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Àwọn ọdẹ mẹ́rin ju oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n sáré dé, wọ́n bá a tó ń fi omijé fọn fèrè. Níbẹ̀ ni gìgísẹ̀ náà ti bẹ́. Ọyún tú jáde, funfun, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, ṣóńṣó èèkàn sì bá a jáde. Ìyá Àwẹ̀ró fi òwú nù ún, ó fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ̀ ọ́, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ títí ara ọmọ fi rọlẹ̀. Ó dìde láti lọ da òwú náà sí ààtàn.

"Má dà á nù," ni Ọdẹ́rìndé wí.

Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ọgbà iṣu, níbi tí èèkàn ti wọ ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Ó tẹ́ ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀ sínú ihò náà, ó gbé òwú ọyún lé e, ó sì sun ìrèmọ̀jé sí i, bí a ti ń sun ún fún ọdẹ tó kú sójú iṣẹ́. Àwọn ọdẹ mẹ́rin náà ń wo ara wọn. Ẹnì kan ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ọdẹ́rìndé pe Atọ́wò lórúkọ. Àwọn yòókù kò ní orúkọ tó mọ̀, nítorí náà ó ń pè wọ́n ní ọmọ mi, ọmọ mi, títí ó fi pé mọ́kàndínlógójì.

Àwẹ̀ró ti fi ẹsẹ̀ kan tọ̀ ọ́ wá, ó di ọgbà mú.

"Bàbá, ta lẹ̀ ń sin?"

"Àwọn tó ké nígbà tí mo ní kí o dákẹ́," ni bàbá rẹ̀ wí, ó sì wó lulẹ̀ sọkún níwájú ọmọ àti ọdẹ.

Àpá náà wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀ títí di òní. Bí mo bá ń fi òrí pa á lẹ́sẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, mo máa ń rọra kọjá níbẹ̀, bí a ṣe ń rọra kọjá lẹ́bàá sàréè. Ohun tí mo gbé bọ̀ láti ẹnu Ọdẹ́rìndé nìyẹn, mo sì ti sọ ọ́ kalẹ̀ síwájú yín bí ẹrù. Ẹni tó bá lè gbé e kó gbé e relé...

Ẹ gbọ́? Ó tún ń ké yẹn. Bóyá àdìẹ ni, bóyá ejò ni, n kò mọ̀. Ìwọ onífìlà pupa, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lọ́nà, jẹ́ kí n kọjá.